Dígí Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Jethro

Ọkọ̀ tí Jethro ń wà nínú kọ̀ǹpútà náà kì í sáré. Ṣe ló ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Á dúró sójú kan bí ẹni tó ń ronú, kó tó tún ta kítí lọ síwájú. Bí Jethro bá tẹ bọ́tìnnì pé kó yà sósì, kò ní yà, àfi ìgbà tó bá kọjá kọ́nà tán, ìgbà yẹn ni yóò wá yà wọ inú igbó. Nígbà tó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Jethro gbé ọwọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù, ó kọjú sí fèrèsé.

"Ọkọ̀ tó bá ń ronú kó tó yà," ó ní, "yóò ti pa èèyàn kó tó ronú tán."

Kíkẹ́lọmọ, ìyàwó rẹ̀, wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ó sì tún dùn mọ́ ọn. Ó dùn ún nítorí pé ìrètí ọkọ rẹ̀ ló ń ṣá yẹn. Ó dùn mọ́ ọn nítorí pé láti ọjọ́ Ajé, èyí ni ọ̀rọ̀ tó gùn jù tó ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Ọdún 1999 ni. Ìlú Kabba ni wọ́n ń gbé, létí ọ̀nà tó lọ sí Ìyàrá, àmọ́ Ògìdì ni àwọn méjèèjì ti wá. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Jethro fi wa lọ́rì. Ó ń kó iṣu láti Makutu àti Ẹ̀kìnrìn-Àdé lọ sí Lọ́kọ́ja, nígbà mìíràn ó ń bá a dé Kàdúná. Ní ọdún méjì sẹ́yìn ni ọkọ̀ kékeré kan gbá a lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja níbi tó dúró sí, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ láti orúnkún. Ẹni tó gbá a kò dúró. Gbogbo ìlú ló bá wọn ṣépè fún ọkùnrin náà, wọ́n sì ń gbàdúrà nípa rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí Ọlọ́run fi í hàn.

Láti ìgbà náà ni Jethro ti dà bí ẹni fi omi sẹ́nu. Kò dé gáréèjì mọ́. Bí àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ bá wá kí i, á ti yára dùbúlẹ̀, á ṣe bí ẹni sùn. Kíkẹ́lọmọ, tó fi ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ṣe tíṣà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, mọ bí wọ́n ṣe ń mú ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀. Àmọ́ ọkọ ẹni kì í ṣe ọmọ ilé ìwé.

Adédùntán, ọmọbìnrin wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, ló gbé kọ̀ǹpútà náà wálé lọ́dún Àjíǹde. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ ń pààrọ̀ èyí tó ti gbó, wọ́n sì fún un ní ọ̀kan. Ó fi gẹ́èmù kan sínú rẹ̀ tí èèyàn ti ń wa lọ́rì gba orí òkè àti àárín ìlú. "Bàbá," ó ní, "ẹsẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá. Ìka ọwọ́ la fi ń wà á."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Kíkẹ́lọmọ rí i tí ojú ọkọ rẹ̀ tàn. Ó fà mọ́ tábìlì bí ẹni tó fẹ́ kọjú sí ìrìn àjò gidi. Àmọ́ gẹ́èmù tuntun ni, kọ̀ǹpútà sì ti darúgbó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀pọ̀lọ́ ń fò káàkiri, ojú náà tún ti ń kú bọ̀. Kíkẹ́lọmọ kọ lẹ́tà sí Ìlọrin.

Èsì dé nípasẹ̀ awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà náà. Dísíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, àwọn pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kó fáìlì kọ̀ǹpútà sí, ló wà nínú àpò ìwé náà, pẹ̀lú lẹ́tà ojú ewé márùn-ún.

"Ìyé mi, okun o," Adédùntán fi ìkíni ilé wọn kí ìyá rẹ̀. "Àwọn kan wà káàkiri ayé tí wọ́n fẹ́ràn gẹ́èmù débi pé àwọn fúnra wọn ń tún un ṣe. Ohun tí wọ́n bá fi tún un ṣe ni wọ́n ń pè ní mọ́ọ̀dù. Àwọn kan ń fi mọ́ọ̀dù sọ gẹ́èmù di aláràbarà. Àwọn mìíràn tí kọ̀ǹpútà tiwọn kò lágbára, bíi ti Bàbá, ń fi tiwọn bọ́ ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Irú èyí ni mo fi ránṣẹ́. Ẹ wò ó báyìí: ohun gbogbo tí Bàbá ń rí, igi, ilé, òjìji, èéfín, kọ̀ǹpútà ló ń yà á lọ́kọ̀ọ̀kan, tí á sì tún un yà nígbà gbogbo tí ọkọ̀ bá sún díẹ̀. Bí nǹkan tó fẹ́ yà bá ti pọ̀ jù, ọwọ́ rẹ̀ kò ní tètè kúrò níbẹ̀. Mọ́ọ̀dù yìí yóò fi nọ́ńbà kan sí igun òkè, tí yóò máa sọ iye àwòrán tó ń yà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá tó ogún, ojú Bàbá yóò gbádùn rẹ̀."

Ojú ewé mẹ́rin tó kù kún fún ohun tí yóò tẹ̀ àti ohun tí kò gbọdọ̀ tẹ̀. Kíkẹ́lọmọ kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó mú bírò pupa rẹ̀ àtijọ́, ó fàlà sábẹ́ àwọn ibi tó le.

Ọjọ́ tí Jethro lọ sí ilé ìwòsàn láti yẹ ojú ọgbẹ́ rẹ̀ wò, tí àbúrò rẹ̀ sì bá a lọ, ni Kíkẹ́lọmọ ki dísíkẹ́ẹ̀tì bọ inú kọ̀ǹpútà. Ó da gbogbo fáìlì inú dísíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé gẹ́èmù náà lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó ṣí i, ojú kọ̀ǹpútà dúdú bí ìkòkò. Ó tún un ṣí, dúdú náà ni. Ohun kan ṣoṣo tó ń gbé ọkọ rẹ̀ dìde lórí ibùsùn láàárọ̀, òun ti bà á jẹ́.

Nígbà tí Jethro dé, Kíkẹ́lọmọ ní kò sí iná. Lọ́jọ́ kejì, ohun kan náà ló tún sọ. Jethro wo fìríìjì tó ń kùn ní igun ilé, ó wo ojú ìyàwó rẹ̀. Ó mú ọ̀pá méjèèjì tó fi ń rìn, ó sì padà sí yàrá.

Kíkẹ́lọmọ gbé aṣọ wọ̀, ó forí lé ṣọ́ọ̀bù Moses, ọ̀dọ́kùnrin tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní kọ̀ǹpútà nítòsí ilé ìfìwéránṣẹ́. Kíkẹ́lọmọ ti kọ́ ọ rí ní kíláàsì kẹrin. Moses gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Tíṣà, ẹ má bínú. Ṣé ẹ tọ́jú ẹ̀dà àwọn fáìlì àkọ́kọ́ kí ẹ tó da tuntun lé e?"

"Rárá."

"Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé ká ṣe iṣẹ́ sínú ìwé rọ́ọ̀fù ká tó kọ ọ́ sínú ìwé gidi o."

Ìtìjú mú Kíkẹ́lọmọ, àmọ́ ó rẹ́rìn-ín. Moses fi hàn án bí yóò ṣe fi síídì tí Adédùntán fi sílẹ̀ tún gẹ́èmù náà gbé kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí yóò ṣe tọ́jú ẹ̀dà, àti bí yóò ṣe máa fi mọ́ọ̀dù náà kún un díẹ̀díẹ̀. "Ẹ yí ohun kan, ẹ ṣí i, ẹ wò ó. Bó bá dára, ẹ yí èkejì."

Nígbà tó padà délé, kò purọ́ mọ́. Ó lọ bá ọkọ rẹ̀ ní yàrá. "Bàbá Dùntán, iná wà. Èmi ni mo ba gẹ́èmù yín jẹ́. Mo fẹ́ kó lè sáré fún yín ni."

Jethro gbé orí sókè lórí ìrọ̀rí. "Mo mọ̀ pé iná wà," ó ní. "Ṣé o lè tún un ṣe?"

"Mà á gbìyànjú."

Ó fi ọjọ́ mẹ́ta gbìyànjú. Ó mú ìwé kan, ó fàlà sí i bí ìwé tí wọ́n fi ń gba máàkì. Bó ṣe ṣí gẹ́èmù náà pẹ̀lú nọ́ńbà igun òkè, mẹ́fà ló rí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀: mẹ́fà nínú ogún. Bó bá jẹ́ ọmọ ilé ìwé ni, á ní kó pe òbí rẹ̀ wá. Ó yọ òjìji, ó di mẹ́jọ. Ó yọ èéfín tó ń tú lẹ́yìn ọkọ̀, ó di mẹ́sàn-án. Lẹ́yìn náà ló kan ìlà kan nínú fáìlì mọ́ọ̀dù náà tí Adédùntán kọ nípa rẹ̀ pé, "Èyí wúwo púpọ̀." Kíkẹ́lọmọ yí oókan tó wà níwájú rẹ̀, tó túmọ̀ sí pé kó wà, sí òdo. Nígbà tó ṣí gẹ́èmù, nọ́ńbà náà fò dé méjìlélógún! Ọkọ̀ ń yọ̀ lọ lórí títì bí ẹni ń fi epo pa iṣu. Kíkẹ́lọmọ pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀ nínú pálọ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò sí, ó sì sáré lọ pe ọkọ rẹ̀.

Jethro jókòó. Ó tẹ bọ́tìnnì. Ọkọ̀ náà gbéra, ó yà sósì nígbà tó ní kó yà, ó yà sọ́tùn-ún nígbà tó ní kó yà. Kíkẹ́lọmọ ń wo ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀, ó ń retí ẹ̀rín. Àmọ́ Jethro gbé ojú sókè sí apá òkè níbi tí kò sí nǹkan kan, ó tún gbé e sókè lẹ́ẹ̀kejì. Ó pa ọkọ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ títì.

"Kíkẹ́, dígí mi dà?"

"Dígí wo?"

"Dígí tí mo fi ń wo ẹ̀yìn. Ó wà níbí tẹ́lẹ̀."

Ìgbà náà ni Kíkẹ́lọmọ rántí pé òun ló yọ ọ́. Ó ṣàlàyé fún un ohun tó wà nínú lẹ́tà: bí dígí bá wà, kọ̀ǹpútà ní láti ya ayé lẹ́ẹ̀mejì, tiwájú àti tẹ̀yìn. Òun ló wúwo jù. "Ẹ ò kúkú nílò rẹ̀," ó ní. "Gẹ́èmù ni. Kò sí ẹni tó máa gbá yín lẹ́yìn."

Ẹnu rẹ̀ kò tíì pa dé tó fi mọ̀ pé òun ti ṣì í sọ. Jethro ká ọwọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù.

"Mi ò lè wakọ̀ láìsí dígí," ó ní. "Mi ò lè ṣe é lẹ́ẹ̀kejì."

"Ẹ̀ẹ̀kejì báwo?"

Jethro yíjú sí fèrèsé. Ìta dákẹ́, àfi adìyẹ tó ń tú ilẹ̀ lábẹ́ igi kajú.

"Ọjọ́ yẹn," Jethro bẹ̀rẹ̀, "tapólì tí mo fi bo iṣu tú. Mo gbọ́ bó ṣe ń lu ọkọ̀. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ọjọ́ ti ń lọ, mo ń kánjú, mo ṣílẹ̀kùn, mo sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀." Ó dúró. "Mi ò wo dígí, Kíkẹ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi pé dígí kó tó di ilẹ̀kùn. Èmi fúnra mi ò wò ó. Mo ṣílẹ̀kùn mọ́ ọkùnrin yẹn lójú ni. Kò sí ohun tó lè ṣe. Ẹ̀rù ló bà á tó fi sá."

Kíkẹ́lọmọ jókòó sórí àga. Ó ronú nípa gbogbo òwúrọ̀ tí òun ti fi orí kanlẹ̀ tí òun ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọkùnrin náà má sùn, kó má simi. Ọkọ òun wà lórí ibùsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, ó ń gbọ́, ó ń gbé e mì.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Gbogbo ìlú ń bá mi bínú sí i. Wọ́n ń gbé oúnjẹ wá. Ìwọ ń sunkún. Bó ti pẹ́ sí i ló ń le sí i."

Kíkẹ́lọmọ dìde, ó wọ ilé ìdáná. Jethro gbọ́ tó ń bu omi. Ó rò pé ó bínú ni. Ṣùgbọ́n ó gbé omi tútù náà wá fún un, ó sì gbé àga tirẹ̀ sún mọ́ tábìlì, débi pé èjìká wọn kan ara wọn.

"Ọkùnrin yẹn," ó ní, "èpè mi nìkan ti tó ti ọdún mẹ́wàá. Bóyá gbogbo irun orí rẹ̀ ti rẹ̀ dànù."

Jethro wò ó. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀, ó sì fọwọ́ bo ojú, nítorí pé ẹ̀rín náà ti ń di ẹkún. Kíkẹ́lọmọ di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò sọ pé kó má sunkún. Nígbà tó sun ún tán, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú fún un, ó ní, "Ó yá. A máa dá dígí yẹn padà. Ẹ̀yin lẹ mọ ojú ọ̀nà. Ẹ sọ fún mi ohun tí kò pọndandan fún awakọ̀."

Ó yí òdo náà padà sí oókan. Dígí tún hàn, nọ́ńbà já wálẹ̀ sí mẹ́sàn-án. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

"Àwọn èèyàn tó tò sí ẹ̀gbẹ́ títì yìí ńkọ́?" Kíkẹ́lọmọ bèèrè.

"Kí ni wọ́n wá wò? Ní kí wọ́n máa lọ sóko."

Wọ́n yọ wọ́n. Ó di mọ́kànlá.

"Ìkùukùu?"

"Awakọ̀ kì í wòkè. Yọ ọ́."

Wọ́n yọ ìkùukùu, ojú ọ̀run wá dà bí aṣọ àwọ̀ aró tí wọ́n sá. Wọ́n yọ àwọn ilé alájà púpọ̀. Ó di mẹ́rìnlá. Kíkẹ́lọmọ fẹ́ yọ àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú, Jethro kọ̀ jálẹ̀. "Bí ọ̀nà bá dá páropáro, kì í ṣe ọ̀nà mọ́." Ó sì ní kó fi ìlà funfun etí títì sílẹ̀. Ó kan igi.

Jethro ro ti igi fún ìgbà pípẹ́. "Mo fẹ́ràn igi," ó ní. "Àmọ́ tó bá jẹ́ igi tàbí dígí, gé e."

Wọ́n gé igbó ńlá kan lulẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà láìgbé àdá. Ẹ̀gbẹ́ títì di ilẹ̀ pupa lásán bí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sun. Ohun ìkẹyìn tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n sọ ojú àwòrán náà di kékeré díẹ̀, bó ti wà nínú lẹ́tà Adédùntán. Nígbà tí Kíkẹ́lọmọ ṣí gẹ́èmù náà, àwọn méjèèjì tẹ orí síwájú lẹ́ẹ̀kan náà.

Mọ́kànlélógún.

Jethro fà mọ́ tábìlì. Ó wo dígí. Ó gbéra. Ó gba orí òkè kan lọ, ó sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì, ó dín eré kù níbi tó yẹ kó dín in kù, ó jẹ́ kí ọkọ̀ kékeré kan kọjá. Bí ojú rẹ̀ ti ń lọ sí iwájú ló ń lọ sí dígí, iwájú, dígí, bó ti máa ń ṣe nígbà tí Kíkẹ́lọmọ ṣì jẹ́ ìyàwó ọ̀ṣìngín tó ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú lọ́rì. Èjìká rẹ̀, tó ti wọ́ wálẹ̀ láti ọdún méjì, ti dìde. Ó ń fi ìmú kọrin kan tí kò lórí tí kò nídìí.

Ó wakọ̀ fún bíi wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ló fara sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fọwọ́ lu àga rẹ̀.

"Wá jókòó."

"Èmi kẹ̀?"

"O ò wakọ̀ rí láyé rẹ. Mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ mẹ́tàlá, mi ò kọ́ ìyàwó mi. Wá."

Kíkẹ́lọmọ jókòó. Jethro gbé ìka rẹ̀ lé orí àwọn bọ́tìnnì, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ bò wọ́n, ọwọ́ tó le gbọingbọin nítorí sítíárì. "Dígí kọ́kọ́," ó ní. Kíkẹ́lọmọ wo dígí. "Ó yá, máa lọ." Ọkọ̀ ta sọ́tùn-ún, ó ta sósì, ó bọ́ sílẹ̀ pupa ẹ̀gbẹ́ títì, ó ń sáré lọ tààrà. Kíkẹ́lọmọ pariwo, ó di ojú.

"La ojú," Jethro ní, ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n. "Kí lo fẹ́ kọ lù? A ti gé gbogbo igi."

Lálẹ́ kó tó sùn, Kíkẹ́lọmọ kúnlẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Jethro gbọ́ tó ń gbàdúrà fún ọkùnrin tí kò mọ orúkọ rẹ̀, pé kí Ọlọ́run jẹ́ kó sùn dáadáa níbikíbi tó bá wà. Jethro ṣe àmín.

Lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní kí Kíkẹ́lọmọ bá òun mú fìlà. Wọ́n jọ rìn lọ sí gáréèjì, díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń dúró sinmi lábẹ́ òjìji. Bí àwọn awakọ̀ ṣe rí i, ariwo ta. "Okun o! Jethro, okun o!" Wọ́n gbé bẹ́ǹṣì wá. Ọmọ́níyì, àgbà wọn, tí òun àti Jethro jọ kọ́ iṣẹ́, bu ẹ̀pà sí i lọ́wọ́.

Jethro kò jẹ ẹ́. Ó ní òun ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ, ó sì sọ ọ́ lójú gbogbo wọn: tapólì, ìkánjú, ilẹ̀kùn, dígí tí òun kò wò. Kíkẹ́lọmọ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká.

Nígbà tó sọ tán, àwọn kan ń wo ilẹ̀. Ọmọ́níyì jẹ ẹ̀pà ẹnu rẹ̀ tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Jethro," ó ní, "kò sí ẹnì kan níbí tí kò tíì sọ̀ kalẹ̀ rí láìwo dígí. Ọjọ́ tí àwa sọ̀ kalẹ̀ ni kò sí ọkọ̀ lẹ́yìn wa. Jẹ ẹ̀pà rẹ."

Jethro jẹ ẹ̀pà rẹ̀. Wọ́n jókòó níbẹ̀ títí ọkọ̀ tó kún fún èrò Ìsánlú fi gbéra, wọ́n sì bèèrè ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dá wọn lóhùn, ó sọ ibi tó ń dùn ún àti ibi tí kò dùn ún mọ́. Ọ̀dọ́ awakọ̀ kan ní kó wá máa jókòó ti àwọn láàárọ̀, kó máa fi ojú àgbà wo ọkọ̀ kó tó jáde. Jethro ní òun yóò rò ó. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ti ń lọ síbẹ̀ láràárọ̀.